Ìlérí Olùṣọ́-Àgùntàn àti Èsì Ọmọbìnrin: Ìfẹ́ Nínú Ewì Darandaran Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn tó ń ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìfẹ́ àti ìgbéyàwó, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ni wọ́n dìídì pè sí ètò ti ọdún yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò máa retí ẹsẹ Bíbélì tàbí ti Kùránì, tàbí kí n to òwe àwọn bàbá wa jọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ yóò sọ ìyẹn lórí pèpéle. Ọ̀nà mìíràn ni èmi fẹ́ gbà. Ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ ní Yunifásítì Jos kí n tó wọ iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀ka tó ń rí sí ohun ọ̀sìn ni wọ́n sì fi mí sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ka ewì àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọrin ìfẹ́ lẹ́nu darandaran nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà mo bá darandaran gidi pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ní Vom, ní Barkin Ladi àti ní Mangu. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ewì yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí àwọn akéwì náà ń bá ara wọn jiyàn lé lórí ni ohun tí à ń bá àwọn ọmọ wa sọ lójoojúmọ́: ṣé bí ìfẹ́ ṣe wù wá kó rí ni ká máa wò, tàbí bí ó ṣe ń rí nígbà tí òjò bá dá tí ọyẹ́ bá dé?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ewì darandaran kì í ṣe ewì tí darandaran kọ. Theocritus, ọmọ Gíríìkì kan tó ti ilẹ̀ Sicily wá, ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú ìbí Jésù. Virgil ará Róòmù tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, tó jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1558 sí 1603, ó ti di àṣà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ìjòyè ààfin. Ará ìlú ńlá ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì da ẹran rí. Akéwì ni ẹni tó gbé eégún. Olùṣọ́-àgùntàn ni aṣọ eégún tó wọ̀. Bí a bá ti mọ ìyẹn, a kò ní máa bínú sí wọn pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò sẹ́ni tó ń bá eégún jà pé ohùn rẹ̀ kò jọ ti ènìyàn.

Èyí tó lókìkí jù lọ nínú irú ewì bẹ́ẹ̀, Christopher Marlowe ló kọ ọ́. Ìlú Canterbury ni wọ́n bí i sí ní 1564, iṣẹ́ bàtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ aṣebàtà yìí rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà, ó lọ sí Cambridge, ó gboyè, ó sì di òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ní London. Ó ti kú kí wọ́n tó tẹ ewì náà jáde ní 1599. Ní 1600, ìwé kan tó ń jẹ́ England's Helicon tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ mẹ́fà ló sì jẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò le. Olùṣọ́-àgùntàn kan ń bẹ ọmọbìnrin kan pé kó wá máa bá òun gbé. Wọn yóò jókòó sórí àpáta, wọn yóò máa wo àwọn tó ń da ẹran, ẹyẹ yóò máa kọrin létí odò. Yóò fi òdòdó róòsì tẹ́ ibùsùn fún un, yóò fi òdòdó ṣe fìlà fún un, yóò fi irun àgùntàn tó dára jù nínú agbo ṣe aṣọ fún un. Yóò ṣe ìgbànú fún un, ìdè rẹ̀ yóò jẹ́ iyùn. Yóò fún un ní bàtà tó ní aṣọ nínú tí kò ní jẹ́ kí òtútù mú ẹsẹ̀ rẹ̀, wúrà ni wọn yóò sì fi ṣe ìdè rẹ̀. Ní àràárọ̀ oṣù karùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ darandaran yóò máa jó, wọn yóò máa kọrin nítorí rẹ̀.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dé ibi bàtà yẹn. Ọmọ aṣebàtà ló ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ iye tí bàtà ń náni. Níbo ni olùṣọ́-àgùntàn ti fẹ́ rí wúrà? Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó dáadáa. Nínú gbogbo ìlérí náà, ibi bàtà yìí nìkan ni òtútù ti yọjú. Gbogbo ibi yòókù, oṣù karùn-ún ni, ìgbà tí ewéko ń rú nílẹ̀ wọn, bí ẹni pé oṣù kejìlá kò ní dé mọ́. Lójú tèmi, bàtà yẹn ló jẹ́ òtítọ́ jù nínú ewì náà, bí a bá yọ wúrà rẹ̀ kúrò.

Nínú ìwé 1600 yẹn kan náà, bí ewì Marlowe ṣe parí ni èsì tẹ̀ lé e. Wọn kò kọ orúkọ gidi sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì kan ni wọ́n fi síbẹ̀ tó túmọ̀ sí ẹni tí a kò mọ̀. Ní 1653, Izaak Walton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó dá lórí fífi ìwọ̀ pẹja pé Sir Walter Raleigh ló ni èsì náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń dà pè mọ́ ọn títí dòní. Ẹsẹ mẹ́fà ni ti ọkùnrin, ẹsẹ mẹ́fà náà ni ti ọmọbìnrin, orin kan náà ni wọ́n sì bá lọ. Ọmọbìnrin náà mú ẹrù tí ọkùnrin kà sílẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń yẹ àǹkárá wò bóyá yóò ṣí. Ìgbà ń bọ̀ tí wọn yóò da àgùntàn kúrò ní pápá wọ inú ọgbà. Odò yóò kún, àpáta tí wọ́n ní àwọn yóò jókòó lé yóò tutù, ẹyẹ yóò sì dákẹ́. Òdòdó yóò rọ. Aṣọ, bàtà, ìgbànú àti fìlà, gbogbo wọn ni yóò gbó tí a ó sì gbàgbé. Ó tún sọ ọ́ láìfi bò pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ni inú rẹ̀ mọ́.

Àwọn ará wa tó ń gbé Èkó lè má tètè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gún régé tó, nítorí pé gbogbo ìgbà ni ooru ń mú wọn. Àwa tí à ń gbé Jos mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ga ju ẹgbẹ̀rún kan àti igba mítà lọ sókè òkun. Pápá tó tutù yọ̀yọ̀ lóṣù kẹjọ ni yóò di pupa lóṣù kìíní, tí odò kéékèèké yóò gbẹ, tí ètè yóò máa là, tí ènìyàn kò ní lè fọwọ́ kan omi láàárọ̀ kùtùkùtù. Òdòdó róòsì náà kò ṣàjèjì sí wa, ó ń hù dáadáa nínú ọgbà níbí. Ẹni tó bá ti tọ́jú rẹ̀ rí mọ̀ pé ẹ̀gún wà lára rẹ̀, ibùsùn róòsì kò sì ní ṣe é sùn lé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni darandaran kò ṣàjèjì sí wa. Nítorí pé ilẹ̀ ga, tí kòkòrò tsetse kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lókè níbí, ni àwọn Fúlàní ṣe ń da màlúù wá sí Plateau láti ìgbà pípẹ́. Ìjọba amúnisìn sì dá ibi ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom ní 1924. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà odò Benue láti wá koríko, wọn a tún gòkè padà bí òjò bá rọ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń bá wọn pàdé lẹ́nu iṣẹ́, n kò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn fi ibùsùn òdòdó lọ ọmọbìnrin rí. Màlúù ni wọ́n ń sọ. Mélòó ni yóò jẹ́ ti ìyàwó? Mélòó nínú wọn ló ń fún ní wàrà, nítorí pé obìnrin ló ń ta wàrà tó sì ń fi owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà? Ibo ni omi wà lóṣù kejì? Ìfẹ́ wà láàárín wọn o, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹran ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ewì Marlowe kò dárúkọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn, owó ńlá wà nínú irun àgùntàn, àwọn onílẹ̀ sì ń fi ọgbà yí ilẹ̀ ká láti sin àgùntàn níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dáko tẹ́lẹ̀. Thomas More ti pariwo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní 1516, níbi tó ti fi àgùntàn ṣe àpèjúwe ẹranko tó ń jẹ ènìyàn. Àwa tí à ń gbé Plateau kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí ìjà láàárín oko àti ìjẹko ń fà. A ti sin òkú nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń ka ewì tí darandaran ti jókòó sórí àpáta láìsí àgbẹ̀ kankan nítòsí, mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ nǹkan kan kúrò nínú àwòrán náà kó lè dùn ún wò.

Shakespeare rí èyí. Nínú eré rẹ̀ As You Like It, tó kọ ní nǹkan bí 1599, ó fi ọ̀dọ́ olùṣọ́-àgùntàn kan síbẹ̀ tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí, ó sì fi bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Corin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alágbàṣe ni Corin. Kì í ṣe òun ló ni irun àgùntàn tó ń dà, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ ta ẹran àti ilẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọ̀dọ́ náà ń sọ dùn, ṣùgbọ́n Corin ló mọ iye tí wọ́n ń san lóṣù.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bí ẹni ìjàkadì ni a ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ ewì méjèèjì yìí. Ọmọbìnrin ti da ọkùnrin, àròjinlẹ̀ ti borí àlá, ìdánwò ti parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ ka ẹsẹ ìparí èsì náà. Ọmọbìnrin yìí kò sọ pé òun kò fẹ́. Ó ní bí ó bá ṣe é ṣe kí ìgbà èwe wà pẹ́ títí, kí ìfẹ́ máa bí sí i, kí ọjọ́ ogbó má sì ní àìní nínú, ohun tí ọkùnrin náà ń sọ ìbá wọ òun lára. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ló ń sọ! Ta ló ń ronú ọjọ́ ogbó pẹ̀lú ẹni tí kò wù ú? Ohun tó ń béèrè ni pé kí ọkùnrin náà sọ ìlérí tí yóò kọjá oṣù karùn-ún. Ẹni tó ń béèrè bí ilé yóò ṣe rí ní ìgbà ọyẹ́ ti ń ro ti gbígbé inú ilé náà.

Ẹ sì wo ìgbésí ayé àwọn méjèèjì. Marlowe tó kọrin ìlérí kò gbéyàwó rí. Wọ́n gún un lọ́bẹ pa ní Deptford ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1593, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe, wọ́n ní ìjà owó oúnjẹ ló fà á. Raleigh tí wọ́n ní ó kọ èsì oníyèméjì yẹn ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ná ní ohun púpọ̀. Ní 1591 ó gbé Bess Throckmorton níyàwó níkọ̀kọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń dúró ti ọbabìnrin láàfin. Nígbà tí àṣírí tú ní 1592, ọbabìnrin ti àwọn méjèèjì mọ́ Tower of London. Wọ́n jáde, ṣùgbọ́n Ọba James tún tì í mọ́bẹ̀ láti 1603 títí di 1616. Ìyàwó rẹ̀ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bí ọmọkùnrin wọn Carew ní 1605, nígbà tí bàbá rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé. Ní 1618 wọ́n bẹ́ Raleigh lórí. N kò sọ pé Bess ló ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí wọ́n pè ní oníyèméjì ni ìfẹ́ rẹ̀ dé inú ẹ̀wọ̀n tí kò sì kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n mẹ́nu kan ti ara mi díẹ̀. Ní 1982, mo da ewì Marlowe kọ sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń tajà nílùú yìí. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta: "Bọ̀dá, ìwé yín dùn gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, yàrá mélòó lẹ ní?" Kò ka Raleigh rí. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. A ṣègbéyàwó, ó gba ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ọjà ńlá Jos. Nígbà tí ọjà náà jóná ní oṣù kejì 2002, gbogbo ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di eérú ní ọjọ́ kan, àti tirẹ̀ àti ti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ òdòdó nílé wa lóṣù yẹn. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, ó tẹ́ ọjà sílẹ̀ létí ọ̀nà, a sì ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ àti lálẹ́. Nínú ewì méjèèjì yẹn, èsì ọmọbìnrin ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbà náà, kì í ṣe láti fi mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá, bí kò ṣe nítorí pé a ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Àwa Yorùbá ní tiwa, ọ̀tọ̀ sì ni bí a ṣe ń ṣe é. Ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Òkukù àti agbègbè wọn, kí ọmọbìnrin tó lọ ilé ọkọ, yóò máa lọ láti ìdí òbí kan dé òmíràn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò máa sun ẹkún ìyàwó, èyí tí àwọn kan ń pè ní rárà ìyàwó. Karin Barber, òyìnbó tó gbé ní Òkukù tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1991. Nínú ẹkún yìí, ọmọbìnrin yóò ki oríkì ilé bàbá rẹ̀, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó tọ́ ọ, yóò sì yangàn pé òun dàgbà tán, òun ń lọ ilé ọkọ. Nínú ẹkún kan náà ni yóò ti sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: orogún, ìyá ọkọ, àìtètèrómọbí, ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ló kọ ohùn tí wọ́n fi sí ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Tiwa, ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí, ó kọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin tó ti lọ tó sì ti bọ̀. Ẹnu kan náà ló fi ń yọ̀ tó fi ń bẹ̀rù, kò sì sí ẹni tó ní kó má lọ mọ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Ohun tó wà nípò rẹ̀ báyìí nígbà ìdána ni lẹ́tà. Alága ìjókòó yóò ní kí wọ́n mú lẹ́tà wá, ọmọbìnrin kékeré kan yóò tú u, yóò sì kà á sókè. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ìdílé ọkọ ń kọjá lọ, wọ́n rí òdòdó tó rẹwà nínú ọgbà ìdílé ìyàwó, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí àwọn já a. Marlowe gan-an nìyẹn, lábẹ́ kánópì ní Jos! N kò ní kí a fi í sílẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Ohun tó ń dùn mí ni èsì. Èsì tí ìdílé ìyàwó ń kà náà ti di òdòdó: a ti gbà, ẹ máa bomi rin ín, kó máa tanná. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohunkóhun mọ́. Láyé àtijọ́, alárinà ti ṣe ìwádìí, ẹkún ìyàwó sì ti sọ ìyókù. Nísinsìnyí, alárinà ti di fóònù, ẹkún sì ti di ijó. Ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn náà, àwa àgbà ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí lóru pé kí a wá parí ìjà, ìjà tó sì jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí wọ́n fojú kan ara wọn ìbá ti yanjú rẹ̀.

Kì í ṣe ọmọbìnrin nìkan ló yẹ kó máa ro ti ọyẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akéwì kan tó ń jẹ́ C. Day Lewis tún ewì Marlowe dá lọ́nà tirẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí obìnrin wá bá òun gbé, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi lọ̀ ọ́ ni ìwọ̀nba tí iṣẹ́ tó bá rí bá lè mú wá, àti làálàá tó wà nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ èsì mọ́ inú ìlérí.

Irú ìbéèrè wo ni mo ń sọ? Ẹ̀jẹ̀ yín ńkọ́, AA ni tàbí AS, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sì dà? Ibo lẹ máa gbé, bí wàhálà bá sì tún dé sí ìlú yìí bí ó ti ṣe ní 2001 àti 2008, ìhà ibo lẹ máa sá sí? Bí wọ́n bá dá iṣẹ́ ọ̀kan dúró, owó ta la ó máa ná? Ta ni yóò tọ́jú ìyá tó wà ní Ọ̀fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́? Bí ọmọ kò bá tètè dé, ẹnu ta lẹ máa gbọ́, ti ẹbí ni tàbí ti ara yín? Mo sọ ọ́ fún ìyá kan tó máa ń ṣe alága ìjókòó nílùú yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Bàbá, bí mo bá ka irú lẹ́tà yìí lójú agbo, àwọn àlejò á rò pé a ò fún wọn níyàwó mọ́ ni." Mo ní kí wọ́n má kà á lójú agbo. Kí wọ́n kà á fún àwọn méjèèjì nínú yàrá lọ́jọ́ mọ̀mínmọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn, kí wọ́n sì tọ́jú ti òdòdó de ọjọ́ kánópì.